Ohùn Tó Ń Lọ Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ìyá Mi

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Amẹ́ríkà kì í ṣe òtútù. Gbogbo èèyàn ló ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti múra sílẹ̀ dè é. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Àgídìngbì ni wọ́n bí mi sí, nídìí àwọn iléeṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ kì í ti í sinmi. Tí kò bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, á jẹ́ ọkọ̀ ńlá tó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ géètì. Mo wá dé yàrá tí mo háyà ní Kalifóníà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ń gbé àdúgbò yìí ni. Mo lọ sójú fèrèsé, mo rí ọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò kọrin, kò súfèé, kò bá ẹnì kankan jà. Ó ṣe mí bíi pé gbogbo wọn ti gbọ́ nípa nǹkan burúkú kan tó ń bọ̀, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni wọ́n gbàgbé láti sọ fún.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Mo ń fọ àwo, mo ń ti àwọn tí kò lè rìn kiri lórí kẹ̀kẹ́. Ọmọ tí mo lè bí á dé síbẹ̀, á máa pe baba arúgbó lórúkọ gan-an bí ẹni ń pe ajá. Èmi ò lè ṣe é. “Sà” àti “mà” ló wà lẹ́nu mi, wọ́n á sì máa wò mí bíi pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Píánò kan wà ní yàrá tí wọ́n ti ń jókòó ṣeré, ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àfẹnusọ. Mo fara dà á títí ó fi sú mi. Ẹ mọ̀ pé kí n tó kúrò nílé, èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́jọ́ iṣẹ́ mo sì ń tún kíbọ́ọ̀dù ṣe ní Computer Village. Tí ohùn kan bá ti yẹ̀ díẹ̀ báyìí, eyín ló máa ń dùn mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí inú píánò náà, mo wá nǹkan tó lè yí àwọn ìṣó rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Obìnrin kan tó wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́yìn mi. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán bí ọmọge.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ìkẹjà ni, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà wá láti ibi kan tí àwọn ará ibí ò mọ̀ dáadáa, pé Tẹ̀ránì ni wọ́n bí òun sí, ọmọ Páṣíà ni òun. Mahin lorúkọ rẹ̀, ó ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A parí ẹ̀ sí Prof. Mo tún ṣàlàyé fún un pé nílé wa, àgbàlagbà kan ṣoṣo, bí ọ̀pọ̀ èèyàn la ṣe ń pè é. Ó ní ẹnì kan ni òun, kí n má sọ òun di èrò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ “ó” lẹ́nu mi. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́.

Iṣẹ́ obìnrin yìí kò rọrùn láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé mi títí dòní. Orin ló ń ṣe, ó sì tún ń kọ ìwé lórí orin, àmọ́ kì í ṣe orin tí èèyàn lè jó sí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ohun èlò olókùn kan nígbà tó wà ní kékeré. Nínú orin tiwọn, àwọn ohùn kan wà tó fara pamọ́ sáàárín àwọn ohùn orí píánò. Ẹni tí kò bá dàgbà sínú rẹ̀ á rò pé ṣe ni ẹni tó ń ta okùn ṣì í ta. Ó wá kàwé sí Amẹ́ríkà, ìlú rẹ̀ yí padà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì lè padà sílé mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí okùn inú píánò àwọn òyìnbó, kí wọ́n lè máa mú àwọn ohùn ilé rẹ̀ jáde. Níbi tó ti kọ́kọ́ ṣe é, èèyàn ń dìde jáde ni. Wọ́n ní píánò ti bàjẹ́. Kò yéé ṣe é. Ó kọ ìwé ńlá kan lórí àwọn ohùn náà, nígbà tó yá, àwọn ọmọ àwọn tó dìde jáde wá ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo fi máa mọ̀ ọ́n, ó ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ gan-an.

Ó gbà mí síṣẹ́ láti máa tún àwọn píánò náà ṣe sí bó ṣe fẹ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, rárá ló ń wí. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ó ti pọ̀jù. Gbé e sókè, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Nígbà míì mo máa ń lọ dúró nínú ilé ìyàgbẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ láì bú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sídìí píánò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo jó. Mi ò purọ́ fún yín, mo jó.

Nígbà tó yá ló sọ ti bàbá rẹ̀ fún mi. Orí fóònù ló ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sin bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì nínú ilé wọn ní Tẹ̀ránì, gbogbo wọn ń sunkún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹkún yẹn ó ń gbọ́ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná tó ń kán. Ó ní ẹkún náà ti kúrò lọ́kàn òun tipẹ́, omi tó ń kán yẹn ò kúrò. Ohun tó fẹ́ fi parí iṣẹ́ rẹ̀ láyé nìyẹn: orin ńlá kan tó jẹ́ kìkì ohun tó ń dún lẹ́yìn àwọn ará ilé wa nígbà tí wọ́n bá ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ti gba ti àwọn ará Mẹ́síkò sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ti gba ti àwọn ará Fílípíìnì. Ó wá bi mí bóyá ìyá mi á gbà.

Tíṣà ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa.

“Ohùn mi ló fẹ́ fi kọrin?”

“Rárá, mà. Ohun tó ń dún lẹ́yìn yín ni.”

“Obìnrin yẹn, ṣé ó máa ń jẹun?”

“Ó ń jẹun dáadáa, mà.”

“Ó dáa. Kó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ omi àwọn oní-píọ̀ wọ́tà ló máa rí gbọ́.”

Lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ni àwọn kan wá kọ́ iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá sẹ́yìn fẹ́ǹsì wa. Wọ́n gbé táǹkì ńlá kan sórí ẹsẹ̀ irin gígùn mẹ́rin, àfi bíi pé ó fẹ́ yọjú wo inú ọbẹ̀ wa. Nínú fọ́tò nìkan ni mo ti rí i. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni pọ́ǹpù máa ń fa omi lọ sókè, àwọn ẹsẹ̀ irin yẹn á sì máa hùn, ohùn gígùn kan tí kì í mí. Màmá mi ti gbàgbé pé ó ń dún.

Bàbá mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kógbá sílé, ariwo àwọn ẹ̀rọ yẹn ló sì gba etí wọn lọ. Gbogbo àwa ọmọ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ la mọ bí wọ́n ṣe ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀. Wàá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Wàá dúró síwájú wọn. Wàá la ẹnu gbòòrò. Tó bá di orí fóònù, màmá mi ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, tí wọ́n á fọwọ́ kan bàbá mi léjìká, tí wọ́n á sì sọ ọ́ fún wọn.

Nínú gbogbo ohun tí Prof kó jọ, ti ẹ̀yìnkùlé wa ló fẹ́ràn jù. Ó ní ohùn náà bọ́ sáàárín ohùn méjì orí píánò, gẹ́lẹ́ níbi tí bàbá òun ti máa ń bẹ̀rẹ̀ orin àárọ̀. “Aládùúgbò ni wá,” ló wí. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yìnkùlé Àgídìngbì, níbi tí a ti ń sá aṣọ, ni wọ́n fẹ́ jókòó gbọ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n ti wá mọ̀ pé mo ní ibi tí mo ti wá.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ nílé, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹlòmíì ò lè mọ̀. Èmi mọ̀, torí èmi ni mo yí píánò tẹ̀ lé e, tí mo bá sì tún pe ilé, píánò ti ga jù ú lọ. Prof kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ó ń rìn, pé gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ohùn lè máa rìn lọ bí òjìji, tí ojú ò ní rí i. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò bọ́ kóòtù, kò fọwọ́ kan tíì tí mo gbé fún un.

“Orí kí ni wọ́n gbé táǹkì yẹn lé?”

“Ẹsẹ̀ irin, mà.”

Ó tẹ ohùn kan lórí píánò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ kejì tú ìṣó okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn náà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, bí èyí tí a ń gbọ́ lẹ́yìn màmá mi gẹ́lẹ́.

“Ohun tó bá dì mú ibi tó wà, ohùn rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀,” ló wí. “Ẹsẹ̀ irin yẹn ti ń tú. Pe ìyá rẹ.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tẹ nọ́ńbà ṣì.

Màmá mi lọ wo ibẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lórí fóònù. Wọ́n ní táǹkì dúró, pé ìpẹtà díẹ̀ wà nísàlẹ̀, irin wo ni kì í pẹtà. Wọ́n lọ sí géètì iléeṣẹ́ náà, olùṣọ́ ní ọ̀gá ò sí nílé. Wọ́n padà lọ, ọ̀gá ò tún sí. Wọ́n wá sọ fún bàbá mi.

“Bàbá ẹ ní ìdí irin lòun ti dàgbà,” ni wọ́n wí fún mi. “Wọ́n ní kò sí irin tó fẹ́ wó tí òun ò ní mọ̀. Wọ́n ní kí obìnrin Páṣíà yẹn máa ṣọ́ irin ìlú tiẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bàámi ní Agége ná.”

“Kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ nítorí ohùn? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn?”

Lásìkò yẹn ló yé mi pé mo ti di àlejò nílé bàbá mi. Èmi ni mo mọ ohun tó ń dún lẹ́yìn ilé náà ju àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ mi ò tà. Ọmọ tó wà nílé lè wọ bàbá rẹ̀ lápá jáde, kí wọ́n bú u, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Èmi, ẹnu nìkan ni mo ní, ẹnu ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ gba orí òkun kọjá kó tó dé etí tí kò gbọ́ràn. Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń jẹun, mò ń kí àwọn èèyàn, àmọ́ mo ń gbọ́ irin yẹn nínú fíríìjì, nínú lífítì, nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ kì í pàṣẹ fún bàbá. Nílé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ pé “dìde” fún bàbá mi kí wọ́n sì dìde. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Agége. Bí bàbá mi ṣe dàgbà tó, wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn. Mo pè wọ́n, mo ro gbogbo ẹ̀, mo ní bàbá mi ò ní wá nítorí irin, àmọ́ wọ́n á wá tí wọ́n bá gbọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n wọn ò yá.

“Ṣé o fẹ́ kí n purọ́ àìsàn mọ́ ara mi ni?”

“Ẹ ṣàánú mi, mà.”

“Ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi, mi ò fi ara mi ṣeré. Tí àìsàn yẹn bá gbọ́ orúkọ ẹ̀ tó sì wá lóòótọ́, ìwọ lo pè é.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹsẹ̀ dára, kò jìnnà sí òótọ́.”

Ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá àti màmá mi kó aṣọ díẹ̀ tí wọ́n lọ sí Agége. Prof ra kéèkì. A jẹ ẹ́ nínú sítúdíò rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun, ó sì ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n obìnrin lágbára tó báyẹn, pé òun ì bá ti kọ ìwé lórí ìyẹn. Mo sinmi. Mo ní nígbà tí wọ́n bá fi máa padà, ọ̀gá iléeṣẹ́ yẹn á ti dé, màmá mi á ti rí i bá sọ̀rọ̀.

Màmá Agége kò lè ṣàìsàn, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Obìnrin tí kì í jókòó. Bàbá mi ti ìsìn dé lọ́jọ́ Sunday, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn lórí àga tí wọ́n gùn, tí wọ́n ń so kọ́tìnnì, ẹsẹ̀ méjèèjì dúró digbí. Màmá Agége ò lè pa irọ́ kejì mọ́ ọ̀kan. Wọ́n sọ gbogbo ẹ̀. Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì gba ilé lọ. Màmá mi fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ Màmá Agége tí wọ́n ń sunkún, oúnjẹ sì wà lórí iná. Wọ́n ní káwọn parí ẹ̀ ná. Láti Agége ni wọ́n ti pè mí láti sọ fún mi.

Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Prof wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tó máa ń gba ìpè mi sílẹ̀. Mo pe fóònù bàbá mi, èyí tó máa ń gbọ̀n nínú àpò wọn tí orúkọ ẹni á sì yọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, mo mọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Bàámi, ẹ kú ilé, sà.”

“Ìwọ nìyẹn. Gbọ́ mi dáadáa. O kó àgbàlagbà mẹ́ta jọ, o sọ wọ́n di ọmọdé. O mú kí ẹ̀gbọ́n mi purọ́. Títí di ọjọ́ Sunday.”

Ohùn tó ń dún lẹ́yìn wọn kì í ṣe èyí tí mo mọ̀ mọ́. Ó ti wálẹ̀ débi pé mo rò pé nínú àyà mi ló ti ń dún. Lójijì ó pín sí méjì, bí okùn méjì tó yẹ kó máa dún pọ̀, tí ọ̀kan wá yẹ̀. Prof dìde.

“Sọ fún un kó jáde,” ló wí. “Báyìí báyìí.”

“Bàámi, ẹ jáde.”

“Mi ò gbọ́.”

“Mo ní kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀, ẹ bọ́ sí títì.”

“Mi ò gbọ́ ohun tó ò ń sọ. Màmá ẹ ò sí níbí tí wọ́n á bá mi gbọ́ ọ.”

Mo la ẹnu gbòòrò. Nínú sítúdíò yẹn, níwájú ògiri, mo ń la ẹnu bíi pé wọ́n ń wò mí. Ọwọ́ mi nà síwájú, ó ń wá èjìká wọn. Prof di ọwọ́ náà mú.

“Sọ̀rọ̀ sókè,” ni bàbá mi wí. Kò pẹ́ sígbà náà tí fóònù kú.

Àwọn ará àdúgbò ló gbé irin kúrò lórí wọn. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà wá síbi ìsìnkú, ó wọ funfun, ó sì gbá màmá mi mọ́ra.

Prof fagi lé orin náà. Ó bi mí bóyá kí òun pa ohun tó gbà sílẹ̀ rẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pa á rẹ́ lójú mi, gbogbo rẹ̀, ti àwọn ará Mẹ́síkò àti ti gbogbo èèyàn. Lọ́dún yẹn ló fi yunifásítì sílẹ̀. Wọ́n ṣe àpèjẹ fún un, wọ́n ka àwọn iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó ṣeni láàánú pé kò parí èyí tó kẹ́yìn. Ó jókòó tì mí títí wọ́n fi kà á tán.

Agége ni màmá mi ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn. Mo ń pè wọ́n lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá gbé fóònù, mi ò ní tètè kí wọn. Mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn wọn ná, mi ò lè ṣe kí n má ṣe é. Màmá mi, tí wọ́n máa ń bínú sí ọmọ tí kò bá tètè kíni, kì í bínú sí i. Wọ́n á dúró. Wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò ní mira, títí tí mo fi máa gbọ́ ọ tán.

“Kí ló ń dún?” ni wọ́n á wá bi mí.

“Fáànù ni, mà.”

“Fáànù ni. Ó yá, kí mi.”